Bàtálíọ̀nù Inú Dígí

Ká ní àná ni Bọ̀ọ̀dá Oníwèé gun àtẹ̀gùn wa ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Òní ló gùn ún. Àná la ti fi òwú yí àwọn sójà òjé mi ká bí ẹni ń di ẹyin, tí a tò wọ́n sínú àpótí, tí ọkọ̀ sì gbé wọn lọ sílé Bàbá Adájọ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí i. Èèyàn tó sanra díẹ̀ ni, kì í sáré gun àtẹ̀gùn, ó sì máa ń dúró lágbedeméjì láti bá àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ wa ṣàwàdà. Lọ́jọ́ yìí, kò dúró. Ó já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé ńlá kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ọ̀gágun," ó pe Àǹtí mi, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé àwọn sójà Adájọ́ ṣì wà nílé."

"Wọ́n ti lọ lánàá." Àǹtí mi ò gbójú sókè. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú kun irun imú ẹṣin kan. "Ṣé o fẹ́ bá wọn dágbére ni?"

Bọ̀ọ̀dá Oníwèé jókòó sórí àpótí òfìfo kan. "Yé," ló wí. "Àní ọjọ́ kan péré! Yéè."

Àǹtí mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọ̀gágun, orúkọ náà sì bá a mu. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bó ṣe ń pàṣẹ fún àwọn aláìsàn nígbà náà ló ṣe ń pàṣẹ fún òjé báyìí. Yàrá méjì la ní lókè ilé ìfọṣọ. Ooru omi ọṣẹ máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ yọ sí wa lẹ́sẹ̀, gbogbo sójà tó bá jáde nílé wa ló sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ayé Nàpóléónì la ń ṣe, àwọn tí kò ga ju ìka àárín lọ. Ẹnì kan á fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ sójà àkọ́kọ́. Àǹtí mi á fi rọ́bà rírọ̀ bò ó, á jẹ́ kó le, á là á sí méjì, á yọ sójà náà kúrò, á wá da òjé gbígbóná sínú ihò tó fi sílẹ̀. Bí òjé bá ti tutù, èèyàn kan dé ayé nìyẹn. Ó ku ká kùn ún.

Àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí kò rántí ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ nínú wọn lè sọ fún ọ, láìwo ibì kankan, ọdún tí àwọn ọmọ ogun Faransé bọ́ irú fìlà kan sílẹ̀ tí wọ́n dé òmíràn. Bí bọ́tìnnì kan bá lé lára ẹ̀wù, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ìdí nìyẹn tí pẹpẹ ìwé wa fi tóbi ju pẹpẹ oúnjẹ wa lọ. Nínú gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀, ọ̀kan ni Àǹtí mi gbà gbọ́ bí aláìsàn ṣe ń gba dókítà gbọ́. Èèpo búlúù ló ní, Ìwé Búlúù ni gbogbo wa sì ń pè é.

Àwòrán kan wà láàárín rẹ̀ tó gba ojú ewé méjì: odindi bàtálíọ̀nù kan tó tò sí ìlà, ẹ̀ka mẹ́fà, ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn Gìrìpá, ìyẹn àwọn géńdé tí ìyẹ́ pupa wà lórí fìlà wọn, wà ní ìpẹ̀kun kan. Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́, àwọn kúkúrú tó máa ń sáré ṣáájú lọ yọ ọ̀tá lẹ́nu, wà ní ìpẹ̀kun kejì, tiwọn ní ìyẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Inú àwòrán yẹn ni mo ti rí bàtálíọ̀nù Bàbá Adájọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbẹ́ látorí dé ẹsẹ̀ nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, bàtà àti bẹ́líìtì nìkan ni mo ń kùn. "Alálàá," Àǹtí mi á ní, "bàtà ò nílò ìrònú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún ọ." Alálàá ni wọ́n ń pè mí nítorí àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Oníwèé, àwọn tí èèpo wọn ti ya tí kò rẹ́ni gbé. Mo lè máa kun bàtà dúdú lọ báyìí kí ọkàn mi ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tí mo wá ń gbẹ́ àwọn sójà tèmi, mo fún kálukú wọn ní ìyá. Eyín ń dun ọ̀kan. Méjì jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀.

Bàbá Adájọ́ fẹ́ bàtálíọ̀nù mẹ́ta, kó lè ní odindi ẹgbẹ́-ogun. Ohun tí a sọ ni pé kí n ṣe ọ̀kan. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, èmi náà ni màá ṣe méjì tó kù, àmì tèmi á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nílé wa, ìràwọ̀ Àǹtí mi ló ń wà lábẹ́ gbogbo sójà. Mo ti yan tèmi tipẹ́tipẹ́: ààbọ̀ òṣùpá. Mo máa ń yà á sẹ́yìn ọwọ́ mi nígbà tí mo bá ń dán búrọ́ọ̀ṣì wò.

Òfin kan ṣoṣo ló sì wà nílé wa. Ohun tó bá ṣì, inú ìkòkò ló ń padà sí. Àǹtí mi kì í lẹ̀ ẹ́, kì í fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ìkòkò òjé náà wà lórí sítóòfù lẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú odò lọ́sàn-án, n kò sì tíì rí sójà kankan tó bọ́ sínú rẹ̀ tó tún jáde bí ara rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Oníwèé ṣí ìwé abẹ́ abíyá rẹ̀. Ìwé Búlúù ni, ìtẹ̀jáde tuntun, ó ṣì ń rùn bí ọ̀dà ìtẹ̀wé. Ó ṣí i sí àwòrán ńlá wa. Àwọn Gìrìpá ti kọjá sí ìpẹ̀kun kejì.

"Kí ni wọ́n ṣe sí i?" ni mo bi í.

"Wọ́n tún un ṣe ni. Ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì wà níwájú ìwé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó to fíìmù àwòrán yẹn dojú rẹ̀ dé. Apá ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Àwòrán kan ṣoṣo yìí ni, ìyókù dára."

Àǹtí mi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún dé e. Ó fi ìka tẹ èjìká sójà kan nínú àwòrán tuntun náà. "Èjìká òsì," ló wí.

"Èjìká òsì," Bọ̀ọ̀dá Oníwèé dáhùn.

"Ti ọmọ yìí ńkọ́?"

Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí mo fi gbẹ́ ìbọn sí èjìká ọ̀tún.

Àǹtí mi dìde, ó fa ìwé mìíràn yọ lórí pẹpẹ, ó ṣí i. Sójà kan dúró níbẹ̀ tó gbé ìbọn sí èjìká òsì, bó ṣe yẹ kó gbé e. "O rántí èyí?" ó bi mí. "O fi hàn mí lọ́jọ́ náà. Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní ayàwòrán náà ti mutí yó ni."

"Mo ní ó ti mutí yó." Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni ẹlẹ́ni jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀, ó ń ya àwòrán."

Bọ̀ọ̀dá Oníwèé ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra, mo rí i lára ikùn rẹ̀. "Ohun tó burú ńbẹ̀ kọ́ lẹ ṣì ń sọ yìí o. Láyé ọjọ́un, sájẹ́ńtì àti kọ́pùrù nìkan ló ń gbé ìbọn sápá ọ̀tún. Alálàá, o ti fi gbogbo bàtálíọ̀nù joyè sájẹ́ńtì."

"Àwọn sájẹ́ńtì gidi ńkọ́?" ni Àǹtí mi bèèrè.

"Ó ti já wọn sí ọmọ ogun lásán."

"Ta ni ogunlọ́gọ̀ sájẹ́ńtì yìí máa wá pàṣẹ fún?"

"Ara wọn ni. Ṣebí bí ilé ìjọba ṣe rí náà nìyẹn."

N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Omi ti ń gbá jọ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín, tó fi aṣọ ìnuwọ́ bojú, èmi náà tẹ̀lé e, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ sì fi igi gbá àjà pé kí la rí jẹ tí a ò fún àwọn.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Àǹtí mi wo ìkòkò. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa wò.

"Gbé àpótí, kí o lọ kó wọn wá," ló wí. "Wí fún Bàbá pé a máa tún òmíràn dà fún un."

"Àǹtí, gbogbo wọn?"

"Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tọ̀nà ni?"

Bọ̀ọ̀dá Oníwèé wúkọ́. "Adájọ́ ní Ìwé Búlúù àtijọ́ nílé. Mo fi tuntun lọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọ̀kan tó òun í kà títí òun á fi kú. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un…"

"Máa bá tìẹ lọ," ni Àǹtí mi dá a lóhùn.

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní ó ní ìwé àtijọ́ ni. Ṣé kí n bá ọmọ náà lọ?"

"Rárá. Ìwọ á fi àwàdà ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Òun ló gbẹ́ wọn, òun ni yóò sọ ọ́." Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mo mọ̀ pé wọ́n dáa, Alálàá. Èmi ni mo gbé ìwé lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀bi náà kì í ṣe tìẹ nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣì, ṣe ni ó ṣì. Lọ."

Mo gbé àpótí òfìfo àti òwú rẹ̀ lọ́wọ́ kan, mo gbé Ìwé Búlúù tuntun lọ́wọ́ kejì, mo sì jáde.

Nínú àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá kà, bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, òjò máa ń rọ̀, atẹ́gùn á sì fẹ́ fìlà rẹ̀ lọ. Oòrùn ló ń ràn lọ́jọ́ tèmi. Ará àdúgbò ń sá aṣọ. Télọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé rẹ̀, ológbò kan sì bá mi rìn dé orí afárá kékeré, ó sú u, ó padà. Kò sí ohunkóhun láyé tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yọ́ odindi bàtálíọ̀nù.

Mo dúró lórí afárá náà, mo sì rò ó. Mo lè dé ibẹ̀ kí n ní mo kàn wá kí wọn ni. Ìwé àtijọ́ á wà lórí pẹpẹ wọn, inú Bàbá á dùn, èmi á gba iṣẹ́ méjì tó kù, ààbọ̀ òṣùpá mi á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn méjì tó kù yẹn ńkọ́? Èjìká wo ni màá gbé ìbọn wọn sí? Bí mo bá gbé e síbi tó yẹ, Bàbá á bi mí ìdí tí wọn ò fi jọ ti àkọ́kọ́. Bí mo bá gbé e síbi tí kò yẹ, a jẹ́ pé ojú mi là sílẹ̀ tí mo fi ṣe é. Mo gbìyànjú láti rí ara mi tí mo ń gbẹ́ èjìká kan tí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, àní nínú àlá tí mo lajú lá yẹn.

Mo wá ronú nípa ẹni tí eyín ń dùn, pé kò tiẹ̀ tíì rí dókítà. Mo gbé àpótí mi, mo ń lọ.

Bàbá Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti wọ jákẹ́ẹ̀tì bí ẹni fẹ́ jáde. Ọkùnrin gíga ni, tó ti rọra ń tẹ̀ láti òkè. Nígbà tó rí àpótí ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Ọmọ Ọ̀gágun! Má sọ fún mi pé bàtálíọ̀nù kejì lo ti gbé dé!"

"Ẹ káàsán, sà. Òfìfo ni, sà."

"Òfìfo? Ó dáa, wọlé, wọlé. Rọra tẹ ibẹ̀ yẹn, ogun jà níbẹ̀ láàárọ̀."

Òótọ́ ni. Ó ti ká aṣọ orí tábìlì ìjẹun kúrò. Ó ní láti ìgbà tí òun ti jí lòun ti ń fi wọ́n ṣe ìdárayá. Ó kọ́kọ́ tò wọ́n ní òpó, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn bí ẹni wọ ojú ọ̀nà tóóró. Lẹ́yìn náà ló tú wọn sí ìlà, kí gbogbo ìbọn lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin yọ láti ẹ̀yìn ìkòkò iyọ̀," ó wí, ó sì gbé ohùn sókè bí ẹni wà ní kóòtù. "Bàtálíọ̀nù! Onígun mẹ́rin! Ó parí. Ojú kọ ìta níhà gbogbo, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn bí ẹ̀gún. Ẹṣin kì í fi ara rẹ̀ lu ẹ̀gún. Wọ́n yí wọn po, yí wọn po, wọ́n sì padà sẹ́yìn ìkòkò iyọ̀ pẹ̀lú ìtìjú."

"Ẹnì kankan ò kú, sà?"

"Ẹnì kan ṣubú, ṣùgbọ́n apá ọwọ́ ẹ̀wù mi ló gbá a. A ti gbé e dìde." Ó fà mí lápá. "Wá wo ibi tí wọ́n ti ń sinmi."

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà lára ògiri tó kọjú sí àga rẹ̀. Dígí gbalasa ló wà lẹ́yìn inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sí i kí àwo lè dà bíi pé ó pọ̀ sí i. Ó ti to bàtálíọ̀nù mi sí ìlà síbẹ̀, bó ṣe wà nínú Ìwé Búlúù àtijọ́ gẹ́lẹ́, ó wá yí pákó tí wọ́n dúró lé padà kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa.

"O rí i?" ó wí. "Iṣẹ́ tí o ṣe sí àpò ẹ̀yìn wọn dára jù láti fi pamọ́. Bí mo bá jókòó síbí, mo rí àpò wọn, ojú wọn sì ń wò mí láti inú dígí. Mo ní wọn níwájú lẹ́yìn. Ẹni yìí, kí ló ń ṣe é tó fajú ro?"

"Eyín ń dùn ún, sà."

"Mo mọ̀! Mo sọ ọ́ láàárọ̀ pé eyín ni!"

Ṣùgbọ́n mo ti wo inú dígí.

Nínú dígí, wọ́n tọ̀nà. Ìbọn wọn wà ní èjìká òsì. Àwọn Gìrìpá ti lọ sí ọ̀tún, àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Fúyẹ́ sì wà ní òsì. Mo ṣí Ìwé Búlúù tuntun lórí apá mi, mo gbójú láti orí ewé sí dígí, láti dígí sí orí ewé. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Àwọn èèyàn mi wà níbẹ̀, wọ́n pé, wọ́n gún régé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì lè tó wọn. Mo rò ó pé bí a bá ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yìí pa, tí kò sẹ́ni tó yí wọn padà láéláé, ayé á dára.

"Ìwé wo nìyẹn?" Bàbá bi mí.

"Bàbá," mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, sà."

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó burú jù lórí ìdúró rí. Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo ti múra ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì sálọ. "Wọ́n ṣì, sà. Gbogbo wọn pátá. Àwòrán inú ìwé yín àti tiwa dojú dé nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àná la kó wọn wá fún yín, òní la mọ̀. Èjìká òsì ló yẹ kí ìbọn wà. Ẹ wo inú dígí, sà, bó ṣe yẹ kí wọ́n rí nìyẹn. Àwọn tí wọ́n wà níta yìí ni kò tọ̀nà."

Ó jókòó. Ó gba ìwé náà, ó gbé e lé orókún, ó ka ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì náà láìyára, ó tún un kà. Ó wo dígí. Ó dìde lọ mú Ìwé Búlúù tirẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ìjẹun, ó sì fi ìka rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Mo dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ẹjọ́ mi, ojú tó yẹ kí wọ́n fi dá a nìyẹn.

"Sájẹ́ńtì ni gbogbo wọn, àbí?" ó wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo fi sájẹ́ńtì nìkan ja ogun láàárọ̀, mo sì borí." Ó rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ fi mì. "Kí ni Ọ̀gágun wí?"

"Ó ní kí n kó wọn wá, kí wọ́n padà sínú ìkòkò."

"Ìkòkò!" Ó na ọwọ́ sí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà bí ẹni ń dáàbò bo ọmọ. "Kò ṣeé ṣe. Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí, mo sì ti rí ọ̀nà rẹ̀. Ṣe méjì tó kù bí o ṣe ṣe èyí. Ìbọn ní ọ̀tún, Gìrìpá ní òsì, gbogbo rẹ̀ pátá. Bàtálíọ̀nù kan tó yàtọ̀, àṣìṣe ni. Mẹ́ta tó bára mu, ẹgbẹ́-ogun ni. Ta ló máa dúró níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa sọ pé wọ́n ṣì?"

"Gbogbo ẹni tó bá ra ìwé tuntun, sà."

"Wọn ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà mi." Ó dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Mo ń bá ọ sọ òótọ́ o. Ohun tí kò bá ara rẹ̀ mu, n kì í lè wò ó. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì fẹ́ ká yọ́ wọn. Bí o bá ṣe méjì yòókù bí wọn, ìwọ lo ni iṣẹ́ náà, àmì tí o bá fẹ́ ni kí o fi sábẹ́ wọn. Bí o ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé màá lọ bá ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn yẹn ò ní bi mí léèrè ohun tó tọ̀nà. Ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n á ṣe."

Mo mọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ń kun ojú níbẹ̀, ẹlòmíràn ń kun bàtà, sójà á sì gba iwájú gbogbo wọn kọjá láìní ìyá.

Bàbá jókòó padà sínú àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó ń retí mi. Kò bínú. Ojú tó fi ń wò mí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

Mo wo àwọn èèyàn mi, àwọn tó kọ ẹ̀yìn sí mi àti àwọn tó ń wò mí láti inú dígí. Mo retí kí àyà mi já. Kò já. Ara mi balẹ̀ bí ìgbà tí mo bá ti fi ọ̀dà tó gbẹ̀yìn sí ojú ẹnì kan tí mo sì rí i pé ó ti ń wo nǹkan. Àǹtí mi fẹ́ yọ́ wọn nítorí wọ́n ṣì. Bàbá fẹ́ bí àbúrò méjì fún àṣìṣe wọn. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó fún wọn ní ìyá léèrè.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo mú ẹni tí eyín ń dùn lákọ̀ọ́kọ́, mo fi òwú wé e, mo tẹ́ ẹ sínú àpótí. Mo mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọn ò tiẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Mo wá yíjú sí i.

"Bàbá, n kò ní ṣe méjì tó ṣì," mo wí. "Mẹ́ta ni màá ṣe fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbọn ní òsì, Gìrìpá ní ọ̀tún. Wọ́n á bára wọn mu, wọ́n á sì tọ̀nà, àmì mi á wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá, n kò ní bínú, sà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń bá mi lọ sílé. Wọn ò ní wọ ìkòkò, màá sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí mi náà. Èmi ni mo bí wọn sí èjìká ọ̀tún, èmi ni màá tọ́jú wọn."